Etí Ewúrẹ́ Tó Lọ Jẹ́rìí

Ọlọ́run Ọba tó dá ewúrẹ́ dá ẹnu mọ́ ọn, ó sì dá etí méjì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò dá a láti máa jẹ́rìí. Àwọn ará Ayétòrò ló fún un níṣẹ́ yẹn. Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó kọjá, wọ́n fa abo ewúrẹ́ dúdú kan wọ ọgbà kóòtù, wọ́n na etí rẹ̀ sí adájọ́, wọ́n ní ẹlẹ́rìí àwọn nìyẹn. Ewúrẹ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tọ̀ sílẹ̀. Nínú gbogbo ẹ̀rí tí olùpẹ̀jọ́ mú wá lọ́jọ́ náà, tirẹ̀ yẹn ló mọ́ jù.

Àṣìkẹ́ ni wọ́n torí rẹ̀ fà á lọ. Opó ni Àṣìkẹ́, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ alápatà lọ. Iṣẹ́ tí ìlú mọ̀ ọ́n mọ́ ni wíwẹ òkú obìnrin. Bí Mùsùlùmí obìnrin bá gbẹ́mìí mì ní àdúgbò wọn, kí wọ́n tó ránṣẹ́ sí Lèmọ́mù, wọn á ti ránṣẹ́ sí Àṣìkẹ́. Yóò ṣe bísímílà, yóò wọ yàrá, yóò ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó bá fi máa jáde, òkú ti mọ́, yẹtí wúrà òkú ti wà nínú kókó etí aṣọ, yóò tú u níṣojú gbogbo ẹbí, yóò kó o lé ọmọ olóòkú lọ́wọ́. Kì í gba kọ́bọ̀. Ó ní ẹni tó bá gbowó lọ́wọ́ òkú, ta ni yóò wẹ tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́?

Ẹ wá wo bí ọ̀ràn náà ṣe rí. Bí wọ́n bá pe alápatà lólè, yóò máa pa ẹran rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá pe oníṣòwò lólè, wọn á ní ọjà ló kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ olè pẹ̀lú òkú ìyá rẹ̀ àti yẹtí ìyá rẹ̀? Ewúrẹ́ ni Ṣàíbù ń pariwo, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yẹn ló fẹ́ tì mọ́ Àṣìkẹ́ lójú.

Ta ni Ṣàíbù? Ilé rẹ̀ kọjú sí ti Àṣìkẹ́. Àṣìkẹ́ ní oríkì kan tó máa ń kì í bó bá ń gbá ojúde láàárọ̀, kì í sì í rọ ohùn sílẹ̀:

"Ṣàíbù, ọmọ Hussainat,
A-ti-Kútọnu-dé-bí-ẹni-ti-ọ̀run-dé,
A-wọ-agbádá-funfun-bá-ewúrẹ́-jà.
Ó gbọ́ Faransé tán, kò gbọ́ ti ìyá rẹ̀.
Ẹyẹ tó fò lọ nígbà tí à ń gbin àgbàdo,
Ọjọ́ tí àgbàdo gbó ló rántí ọ̀nà ilé."

Kò sì parọ́ mọ́ ọn. Aṣọ ni Ṣàíbù ń tà, ọjà Kútọnu ló sì ń ná láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì ṣeé kà. Alhaji ni wọ́n ń pè é nísinsìnyí. Màmá Hussainat, ìyá rẹ̀, ló wà nílé tó ń darúgbó. Àṣìkẹ́ ló ń gbé omi gbígbóná fún un, Àṣìkẹ́ ló ń bá a wá ẹni tí yóò tún òrùlé ṣe. Nígbà tí ìyá náà kú, Àṣìkẹ́ náà ló wẹ̀ ẹ́. Mùsùlùmí kì í dá òkú dúró, nítorí náà wọ́n ti sin ín kí Ṣàíbù tó dé. Ó gbé mọ́tò dé, ó gbé omijé dé. Ó sunkún dáadáa, ká má purọ́ mọ́ ọn. Bó ti nu ojú tán, ó béèrè ohun tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀.

Ohun tí ìyá náà fi sílẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni ewúrẹ́ àgbàsìn.

Ẹni tó bá dàgbà ní ilẹ̀ Yewa mọ àgbàsìn. Ìwọ ní abo ewúrẹ́, o fún mi sìn. Èmi ni n óo máa já ewé fún un, èmi ni n óo máa wá a kiri bó bá ṣáko lọ. Bó bá bímọ, àkọ́bí jẹ́ tìrẹ, èyí tó tẹ̀lé e jẹ́ tèmi, bẹ́ẹ̀ la ó sì máa pín in lọ. Kò sí ìwé níbẹ̀. Ojú àwa méjèèjì àti ojú Ọlọ́run ló tó. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ ìlú ń jẹ káàkiri, ìdí nìyẹn tí ilé kọ̀ọ̀kan fi ní bó ṣe ń gé etí tirẹ̀ kó má baà sọnù. Ilé Hussainat, etí òsì ni wọ́n ń gé ní ṣóńṣó bí ẹnu ẹyẹ. Nígbà tí ọmọ ewúrẹ́ bá ṣì ń mu ọmú, tí etí rẹ̀ ṣì rọ̀, ni wọ́n ń gé e, kí ọ̀rọ̀ pínpín tó wáyé rárá. Àmì ilé tó ni ìyá ewúrẹ́ ni wọ́n sì ń gé sí gbogbo ọmọ. Èyí tó bá wá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń sìn, àmì yẹn náà ni yóò gbé dé inú ìkòkò. A kì í gé etí lẹ́ẹ̀mejì. Ewúrẹ́ kì í ṣe aṣọ tí télọ̀ ń tú rán.

Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ Màmá Hussainat, Àṣìkẹ́ fúnra rẹ̀ ló fa ìyá ewúrẹ́ àti ọmọ tó kan olóògbé kọjá títì, ó fà wọ́n lé Ṣàíbù lọ́wọ́. Ṣàíbù dúpẹ́. Kò bi í pé kí ni ìlànà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò bi í pé mélòó ló kù. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ló rìn gba ẹ̀yìn ilé ìdáná Àṣìkẹ́, ó rí abo ewúrẹ́ dúdú tí wọ́n so mọ́ igi ọsàn, etí òsì rẹ̀ sì rí bí ẹnu ẹyẹ.

"Màmá, ewúrẹ́ wa ló wà lókùn yín yìí."

"Tiyín ti wà lọ́dọ̀ rẹ. Ìpín tèmi nìyí. Èmi àti ìyá rẹ la pín in."

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Èmi àti ìyá rẹ."

"Ìyá mi ti kú."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́."

"Vwàlà," ni Ṣàíbù fi Faransé wí, bí ẹni tó ti jàre. Ó gbọn agbádá, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó padà, òun àti ọlọ́pàá ló jọ wọlé.

Wọ́n mú Àṣìkẹ́ àti ewúrẹ́ lọ sí àgọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá gba béèlì rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ kò rẹ́ni gba tirẹ̀, ó wà níbẹ̀, ó ń jẹ koríko ìjọba. Bí Àṣìkẹ́ ti ń bọ̀ lójú ọ̀nà ló rí i pé ojú àwọn aládùúgbò ti yí. Gbogbo wọn ló mọ àgbàsìn o. Kò sí ẹ̀yìnkùlé kan ní ojúde yẹn tí ewúrẹ́ alámì ẹlòmíì kò sí. Ṣùgbọ́n láti rántí ohun tí ènìyàn mọ̀ gba agbára, láti wo etí ewúrẹ́ kò sì gba nǹkan kan. Ìlú yan èyí tó rọrùn.

Mẹ̀dínátù tí ilé wọ́n jọ lẹ̀ mọ́ra, tó ti ń tọrọ iná lọ́wọ́ Àṣìkẹ́ láti ìgbà tí wọ́n gbé e níyàwó, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó mi orí.

"Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú," ló wí.

"Ìdí lò ń wá?" ni Àṣìkẹ́ fún un lésì. "Yíjú wẹ̀yìn, o ó rí i."

Ẹnu ló fi ń wí yẹn o. Ọkàn rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà tí Ìyá Suliat kú ní ọ̀nà tó kàn. Àṣìkẹ́ gbọ́ igbe. Ó gbé gèlè funfun, ó wé e, ó mú kànìnkànìn àti ọṣẹ sínú abọ́, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń dúró kí wọ́n wá pè é bí wọ́n ti máa ń ṣe. Àwọn ọmọ olóòkú jáde lóòótọ́. Wọ́n kọjá níwájú rẹ̀, wọ́n kí i pé "Ẹ kú ìjókòó, Màmá," wọ́n ń lọ sí òdìkejì ìlú lọ pe ẹlòmíì. Àṣìkẹ́ tú gèlè. Ó dá kànìnkànìn padà sórí àjà.

Ọlámipọ̀ ló gba ẹjọ́ rẹ̀ rò. Ọmọ Kátíkíìsì ìjọ tó wà lókè ọ̀nà ni, ó ti di lọ́yà ní Ìlaròó báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ Àṣìkẹ́ ló ti jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ tó fi dàgbà. Nígbà tó dé, Àṣìkẹ́ ti to ètò tirẹ̀ kalẹ̀.

"Kùránì ni kí wọ́n gbé wá," ló wí. "N óo búra níwájú adájọ́. N óo pe gbogbo ìdílé tí mo ti wẹ òkú wọn, kí wọ́n wá sọ bóyá abẹ́rẹ́ wọn sọnù."

"Màmá, ẹ ò ní búra. Ẹ ò sì ní pe ẹnì kankan."

"Kí n wá ṣe kí ni?"

"Kí ẹ dákẹ́."

Àṣìkẹ́ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Owó ilé-ìwé tí Kátíkíìsì san, ìdákẹ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Ní ojúde nìyẹn, Màmá. Ní kóòtù, ẹni tó pe ènìyàn lólè ló ni ẹrù. Òun ló máa rù ú láti ilé dé ibi tó ń gbé e lọ. Ẹ má bá a gbé e o. Bí ẹ bá ti fọwọ́ kàn án, wọn á ní ẹ̀yin lẹ ni ín."

"Bí kò bá rù ú débẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ máa lọ sílé nìyẹn."

Àṣìkẹ́ sún mọ́ ọn, ó rọ ohùn sílẹ̀. Ohun tó ti ń jẹ ẹ́ nínú nìyí. "Ọlámipọ̀, èmi ò lè fi hàn pé tèmi ni. Ẹlẹ́rìí kan tí mo ní, ibojì ló wà."

"Kò kàn yín láti fi hàn. Aláìṣẹ̀ ni òfin ń pè yín títí Ṣàíbù yóò fi fi hàn pé ẹ ṣẹ̀. Kó sì fi hàn débi pé iyèméjì tó mọ́gbọ́n dání kò ní kù níbẹ̀. Bí èyíkéyìí bá kù, ẹ̀yin lẹ ni ín, kì í ṣe Ṣàíbù."

"Olè gidi lè gba ibẹ̀ sá lọ."

"Ó lè gbà á. Òfin ní ó sàn kí olè sá lọ ju kí ẹni tí kò jalè wẹ̀wọ̀n."

"Òfin yín láàánú ju àwọn aládùúgbò mi lọ," ni Àṣìkẹ́ wí. "Kí wọ́n mú un wá gbé lójúde wa."

"Ó tún kù," ni Ọlámipọ̀ wí. "Ọwọ́ nìkan kọ́ ni olè. Ọwọ́ àti ọkàn ni. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹ mú ohun tí kì í ṣe tiyín, kí wọ́n tún fi hàn pé ẹ mọ̀ nínú ọkàn yín pé kì í ṣe tiyín. Ẹni tó bá gbà lóòótọ́ pé tòun ni nǹkan, kódà bó ṣi í mú, kì í ṣe olè."

"Ohun tí Lèmọ́mù ń wí lórí mínbárì náà ni. Àníyàn ọkàn ni Ọlọ́run fi ń díwọ̀n iṣẹ́." Inú rẹ̀ yọ́ díẹ̀. "Bàbá rẹ kọ́ ọ dáadáa. Ó kù díẹ̀ kí o máa kírun."

"Màmá, ẹ má jẹ́ kí bàbá mi gbọ́."

Ọjọ́ pé, kóòtù kún. Ẹni tí kò lọ sí ìsìnkú Màmá Hussainat lọ wo ewúrẹ́ rẹ̀. Adájọ́ jẹ́ ọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ dà bí ẹni tó ń tòògbé, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ jí. Wọ́n ka ẹ̀sùn sí Àṣìkẹ́ létí, ó ní òun kò jẹ̀bi. Ọlọ́pàá olùpẹ̀jọ́ ní kí wọ́n fa ewúrẹ́ wọlé, wọ́n fà á wọlé, ó ṣe ohun tí ẹ ti gbọ́ pé ó ṣe. Akọ̀wé kóòtù fi ẹsẹ̀ fa ìwé rẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Ṣàíbù bọ́ sínú àpótí ẹlẹ́rìí, agbádá rẹ̀ sì kún àpótí náà débi pé ó dà bí ẹni pé àpótí ló wọ̀. Ó rojọ́ tirẹ̀ tán. Ọlámipọ̀ dìde.

"Alhaji, kí lẹ fi mọ̀ pé ewúrẹ́ yín ni?"

"Etí rẹ̀. Àmì ilé wa ni."

"Ewúrẹ́ yòówù tó bá ní àmì yẹn, tiyín ni?"

"Tiwa ni. Ẹni tí a bá ká a mọ́ lọ́wọ́, olè ni."

"Ẹ ti gbọ́ àgbàsìn rí?"

"Oníṣòwò ni mí. Èmi kì í sin ewúrẹ́."

"Ṣé ìyá yín fún Màmá yìí ní ewúrẹ́ sìn?"

"Wọ́n fún wọn. Wọ́n ti dá a padà fún mi."

"Àwọn ọmọ rẹ̀, ṣé wọ́n pín wọn?"

"N ò mọ̀."

"Níbo lẹ wà nígbà tí wọ́n ń pín wọn?"

"Kútọnu."

"Bí ìyá yín bá ti fi èyí ṣe ìpín Màmá, kí lẹ ó fi mọ̀?"

Ṣàíbù gbé apá agbádá sórí èjìká, ó já bọ́, ó tún gbé e. "Wọn ò sọ fún mi."

"Ìgbà wo ló bi wọ́n léèrè?" ni ìyá arúgbó kan wí láti ẹ̀yìn. Adájọ́ ní kí wọ́n dákẹ́, ṣùgbọ́n kò yára wí bẹ́ẹ̀.

Husain alápatà ni ẹlẹ́rìí kejì. Òun ni olùpẹ̀jọ́ gbójú lé, nítorí òun ló fojú ara rẹ̀ rí Àṣìkẹ́ níbi tó ti ń so ewúrẹ́ náà. Ó búra, ó ní òun rí i, gbangba báyìí. Olùpẹ̀jọ́ jókòó pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Àkókò wo lẹ rí wọn?" ni Ọlámipọ̀ bi í.

"Ọ̀sán gangan. Mo ń ti ìsọ̀ ẹran bọ̀."

"Ṣé wọ́n sá pamọ́ nígbà tí wọ́n rí yín?"

"Rárá. Wọ́n kí mi."

"Ìkíni nìkan?"

Husain họ orí. "Wọ́n tún ní kí n bá àwọn di okùn mú, pé ewúrẹ́ náà lágídí."

"Ẹ dì í mú?"

"Mo dì í mú."

"Ẹni tó gbé epo lájà nìkan kọ́ ni olè, àbí, Bàbá? Ẹni tó bá a gbà á sílẹ̀ ńkọ́?"

Ẹ̀rín bú. Husain wo Ṣàíbù bí ẹni tí wọ́n mú wọ ọkọ̀ tí kò mọ ibi tó ń lọ. "Èmi ò jí nǹkan kan o."

"Kí ló dé tí ẹ ò pariwo olè lọ́jọ́ náà?"

"N ò mọ̀ pé olè ni nígbà yẹn."

"Ìgbà wo lẹ wá mọ̀?"

"Ìgbà tí Alhaji sọ fún mi."

Àṣìkẹ́ dúró sí ibi tí wọ́n fi í sí. Ọ̀rọ̀ ti kún ẹnu rẹ̀ bí omi kún agbè. Ó fẹ́ ki Husain, kó kì í láti orí bàbá rẹ̀. Ọlámipọ̀ yíjú wò ó lẹ́ẹ̀kan, Àṣìkẹ́ sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Lẹ́yìn òkú tó kọ́kọ́ wẹ̀ láyé rẹ̀, kò tíì ṣe iṣẹ́ tó le tó ìyẹn.

"Àwọn ewúrẹ́ tí ẹ ń rà ní ọjà Ẹ̀gùá," ni Ọlámipọ̀ ń bá a lọ, "etí wọn ńkọ́?"

"Àmì oríṣiríṣi ló wà níbẹ̀."

"Àmì ilé yín?"

"Báwo? Àmì ilé tí wọ́n ti wá ni."

"Àgbò tí Alhaji fi ṣe Iléyá tó kọjá, ẹ̀yin lẹ bó o. Àmì ta ló wà létí rẹ̀?"

"Ti ará Ẹ̀gùá kan ni."

"Alhaji ni olè àgbò nìyẹn?"

Husain kò lè gbà á mọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di àpótí mú. "Ẹ gbọ́, lọ́yà. Bó bá jẹ́ etí la fi ń mọ olè, èmi Husain ni olè tó ga jù ní ilẹ̀ Yewa. Gbogbo etí ọ̀hún, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wà."

Adájọ́ fúnra rẹ̀ fi ìwé bo ẹnu. Nígbà tí ilé pa rọ́rọ́, Ọlámipọ̀ ní àwọn kò rí ẹjọ́ kankan tí Màmá ní láti dáhùn. Olùpẹ̀jọ́ dìde, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa etí, ó rí i pé kò lọ síbì kan, ó jókòó. Adájọ́ wá sọ̀rọ̀.

"Kóòtù yìí kò sọ ẹni tó ni ewúrẹ́," ló wí. "Ìyẹn kọ́ ni wọ́n gbé wá síwájú mi. Olè ni wọ́n ní àwọn gbé wá, mo sì wá a títí, n ò rí i. Ẹlẹ́rìí kìíní kò sí níbẹ̀. Ẹlẹ́rìí kejì di okùn mú. Ẹnì kankan kò sọ fún mi pé obìnrin yìí mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé ewúrẹ́ ẹlòmíì lòun ń so. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti wá fi hàn mí pé ọwọ́ òun mọ́. Iṣẹ́ ẹni tó ní ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ ni, kò sì ṣe é. Mo dá a sílẹ̀, mo dá a láre. Ẹ dá ewúrẹ́ padà sí ibi tí ẹ ti mú un."

Àṣìkẹ́ fa ewúrẹ́ náà lókùn gba àárín ọjà kọjá. Ọ̀nà mìíràn wà tó yá jù, kò gbà á. Nígbà tó dé ojúde, Mẹ̀dínátù ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

"A dúpẹ́ o," ni Mẹ̀dínátù wí. "Àmọ́ ṣebí wọn ò kúkú sọ pé o ò jí i. Wọ́n ní àwọn ò rí ẹ̀rí ni."

"Mẹ̀dínátù, gbé ẹ̀rí tìrẹ wá."

"Ẹ̀rí kí ni?"

"Pé o kì í ṣí ìkòkò ọbẹ̀ mi bí mo bá lọ sí mọ́ṣáláṣí. Kò sí? Bí wọ́n bá ní kí kálukú gbé ẹ̀rí wá pé òun kò jalè, ta ni yóò sùn sílé rẹ̀ ní Ayétòrò lónìí?"

Mẹ̀dínátù wọlé. Kò tọrọ iná fún bí ọjọ́ mélòó kan.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Kóòtù lè dá ènìyàn láre, kò lè rán ènìyàn sí i pé kó wá wẹ òkú. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, àgbàdo hù, obìnrin méjì kú ní àdúgbò, wọn kò pe Àṣìkẹ́. Wọ́n ń kí i. Wọ́n tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí i. Bí wọ́n bá débi ilẹ̀kùn, wọn á yà. Ó kírun, ó tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kó má jẹ́ kí òun kórìíra wọn, kó sì jẹ́ kó yé wọn pé ó sú òun. Kànìnkànìn orí àjà gbẹ, ó di koríko.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, igbe sọ ní ilé ọ̀kánkán. Ìyá Rodiat ló kú, àbúrò Màmá Hussainat, tí Ṣàíbù mú wá sílé rẹ̀ lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀. Wọ́n fẹ́ sin ín lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí obìnrin òdìkejì ìlú, wọ́n ní ó ti lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Ìpókíá. Wọ́n wá ẹlòmíì, ẹlòmíì ní ẹ̀rù òkú ń ba òun. Oòrùn ń gòkè. Nígbà tó yá, Mùínátù, ìyàwó Ṣàíbù, sọdá títì, ó kúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Àṣìkẹ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Alhaji ní kí n wá bẹ̀ yín."

"Dìde, ọmọ mi. Kò sí ẹjọ́ láàárín èmi àti ìwọ. Sọ fún ọkọ rẹ pé ẹnu tó fi pe ọlọ́pàá sí mi ni kó fi wá pè mí."

Ṣàíbù wá. Kò wọ agbádá. Láìsí agbádá, kò ju ènìyàn kékeré kan lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ síbi tí ewúrẹ́ dúdú ti ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́, ewúrẹ́ sì gbọ́ òórùn fìlà rẹ̀.

"Màmá, ìyá mi ló sùn yìí. Ẹ má wo tèmi."

"Ta ló ń wò ọ́?" Àṣìkẹ́ ti wé gèlè funfun kó tó dé. Òkú kò bá a ṣẹjọ́, òkú ni yóò sì dá lóhùn. Ó gbé abọ́, ó sọdá títì, Ṣàíbù ń tẹ̀ lé e. Gbogbo ojúde jáde wò wọ́n, Mẹ̀dínátù ṣáájú. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu yàrá, Àṣìkẹ́ dúró.

"Yẹtí wúrà rẹ̀ ṣì wà létí," ló wí, ó sì gbé ohùn sókè kó dé títì. "Mùínátù, wá bọ́ ọ kí n tó wọlé."

"Màmá, ẹ má ṣe mí bẹ́ẹ̀," ni Ṣàíbù wí.

"Kí ni mo ṣe? Ṣé olè ti tán nílùú?"

"Ẹ jẹ́ kó wà létí wọn. Bí ẹ bá ti ń ṣe é fún gbogbo ènìyàn náà ni kí ẹ ṣe é fún wa." Gbogbo ènìyàn gbọ́ ọ. "Mo wí ohun tí n ò mọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ forí jì mí."

Àṣìkẹ́ yíjú sí i.

"Ṣàíbù, ìlú ti ń sọ pé òpùrọ́ ni ọ́. Èmi náà rò ó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti dé kóòtù, mo ti kọ́gbọ́n. Ẹni tó bá pe ènìyàn lópùrọ́ ló máa fi hàn pé ẹnu rẹ̀ wí ohun tí kì í ṣe òótọ́, kó sì tún fi hàn pé ọkàn rẹ̀ mọ̀ nígbà tó ń wí i. Ti ẹnu, ẹ̀rí pọ̀. Ti ọkàn ni n ò rí. Ó lè jẹ́ òpùrọ́ ni ọ́, ó sì lè jẹ́ pé o kàn gọ̀ ni. Nítorí iyèméjì yẹn, mo dá ọ sílẹ̀."

Ó ṣe bísímílà, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo wọn lójú, pẹ̀lú òkú, pẹ̀lú yẹtí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ohùn rẹ̀ jáde láti inú.

"Mùínátù, bu omi wá. Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ o. Arúgbó ni."